Ọ̀nà Òkè Ìdànrè àti Ọ̀nà Oko Ọ̀tà

Ẹni tí a bá bí sí Ṣàngó-Ọ̀tà bí a ti bí mi, ariwo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ kí ó tó mọ ohùn ẹyẹ. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ. Òkè tí mo mọ̀ kò ju afárá ojú títì lọ. Ní ọdún tí ó kọjá ni mo tó fi ẹsẹ̀ ara mi gun òkè gidi, nígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lọ wo Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rí fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí orí òkè àwọn ẹlòmíràn ni mo ti rí àbùkù ìlú tèmi.

Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé, kí ni ó gbé ènìyàn lọ kọ́ ilé sí orí àpáta? Ìtàn Àwórì yóò ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Àwọn àgbà wa a máa sọ pé nígbà tí Olófin Ògúnfúnminíre kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, àwo tí ó léfòó lójú omi ni ó ń tọ̀ lẹ́yìn, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ́rì. Àwọn ará Ìdànrè náà sọ pé Ifẹ̀ ni àwọn ti ṣẹ̀ wá, àti pé Olófin kan ni ó ṣíwájú wọn. Omi ni ó fi ibùdó han tiwa. Àpáta ni ó fi ibùdó han tiwọn. Ìyàtọ̀ méjèèjì hàn gbangba nígbà ogun. Nígbà tí ogun tú àwọn Ẹ̀gbá ká, abẹ́ Olúmọ ni wọ́n sá sí ní nǹkan bí 1830. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá kan náà wá gbógun ti Ọ̀tà, a kò ní àpáta tí a lè sá sí, wọ́n sì kó ìlú wa ní 1842. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí kò ní bi ará òkè léèrè ìdí tí ó fi gun òkè.

Àtẹ̀gùn tí a gùn lé ní ẹgbẹ̀ta (600). Kí a tó dé ìdajì, itan mi ti ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n tí ó ń fi ọ̀nà hàn wá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ rọra, òkè kì í sá lọ. Kí wọ́n tó mọ àtẹ̀gùn yìí, ẹrù iṣu ni àwọn ìyá wa ń rù gba ibí kọjá.” Ọ̀rọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí n lóye bí wọ́n ti ń gbé. Orí àpáta kò gba iṣu, nítorí náà oko wà nínú igbó ìsàlẹ̀ àti ní àfonífojì. Wọn a sọ̀kalẹ̀ lówùúrọ̀, wọn a sì fi ẹrù gun òkè nírọ̀lẹ́. Omi kò wọ́n wọn, nítorí ó ń sun láàrin àwọn àpáta.

Ẹ má ṣe rò pé ibi ìsápamọ́ lásán ni o. Ìlú pípé ni. Ààfin Ọwá ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú òpó igi gbígbẹ́; ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n fi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn hàn wá lára àpáta, èyí tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá a mu, àfi ti àjẹ́. Mo ki ẹsẹ̀ tèmi bọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ó gbà! A rí ẹranko kan tí ó jọ òfàfà tí ó ń yá oòrùn lórí òkúta. Ọ̀pọ̀lọ́ kan sì wà níbẹ̀ tí a kò tíì rí níbòmíràn ní gbogbo ayé. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Lẹ́yìn náà ojú kò tún kàn án mọ́ fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, kí àwọn onímọ̀ tó tún rí i ní 2013. Omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ń ṣàn lójú àpáta ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Òun náà ti kọ́ bí a ṣe ń gbé orí òkúta.

Nígbà tí ogun tán, tí ọ̀nà ọkọ̀, òwò àti oko kòkó ń pe ènìyàn sísàlẹ̀, àwọn ará Ìdànrè bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ ní 1928. Ó tó 1933 kí ó tó parí. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí koríko hù bo ọ̀nà òkè. Ọdún Orósùn ṣì ń mú wọn padà lọ síbẹ̀, ọmọdé ń mọ orúkọ àpáta lẹ́nu àgbà. Ní 2007, a kọ orúkọ Òkè Ìdànrè mọ́ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà sí ogún gbogbo àgbáyé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé mi. Nígbà tí mo padà dé Ọ̀tà, mo bẹ bàbá mi àgbà pé kí wọ́n mú mi lọ sí odò tí wọ́n ti ń pọn omi ní kékeré, lẹ́bàá ọ̀nà Ìdírókò. A rìn títí a fi kan ògiri ilé iṣẹ́ kan. Wọ́n dúró.

Mo ní, “Bàbá, níbo ni ọ̀nà odò gbà?”

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, orí rẹ̀ ni o dúró sí yìí. Inú ọgbà yẹn ni ìyókù wà.”

N kò lè bú ẹni tí ó ta ilẹ̀ náà, nítorí owó rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi rán mi wá sí Yunifásítì. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé kí a wó ilé iṣẹ́ tí ọgọ́rọ̀ ènìyàn ti ń jẹun. Ohun tí ó dùn mí ni pé àwọn ará Ìdànrè ṣí kúrò, wọ́n sì mọ ọ̀nà ilé àtijọ́. Àwa kò ṣí lọ síbì kankan, a sì ti sọ ọ̀nà oko nù.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo mú bébà. Bàbá ń sọ, mo ń kọ: orúkọ odò, orúkọ ààlà, ibi tí ìrókò wà, ibi tí wọ́n ti ń sá láfún. Ó kún ojú ewé mẹ́rin. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi yìí, ẹ ṣe bákan náà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ jẹ́ kí á tètè tọrọ àkísà náà, kí àwọn tí ó ni ín tó lọ.