Ìrònú Ń Fọ́ Eyín O! Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ Ọ́

Ọ̀gànjọ́ òru ni. Baálé ilé ti sùn lọ fọnfọn, àmọ́ ìyàwó ẹ̀ ò rí orun sùn. Ariwo kan ló ń gbọ́, bí ìgbà tí èkúté ń họ pákó. Háà! Eyín ọkọ ẹ̀ ni! Ó ń pa á keke lójú orun. Bílẹ̀ bá mọ́, baálé á ní irọ́ ni. Ohun tóun mọ̀ ò ju pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro òun, orí sì ń fọ́ òun.

Àwọn kan á ní aràn ni. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń bá a jà. Lóòótọ́, ohun tó ń fà á ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ àwọn dókítà eléyín ní ká má fojú fo ìrònú: owó ilé tí ò tíì san, owó ilé ìwé ọmọ, iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́. Bí ìrònú bá pọ̀ jù, iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ á le, á máa fún eyín mọ́ra wọn. Bí ọlọ ṣe ń lọ ata, bẹ́ẹ̀ leyín á máa lọ ara wọn. Ara líle tó bo eyín á jẹ díẹ̀díẹ̀, omi tútù á máa ta á, eyín tiẹ̀ lè là. Ara líle yẹn, bó bá ti lọ, kì í hù mọ́.

Lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà kó ìdààmú bá ayé lọ́dún 2020, ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín ilẹ̀ Amẹ́ríkà bi àwọn dókítà eyín léèrè ní 2021. Nínú 100 tó dáhùn, ó lé ní 70 tó ní àwọn tó ń pa eyín keke ti pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn.

Eyín nìkan kọ́ o! Ìrònú tún ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà kù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, 1914 sí 1918, ẹnu ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tó wà nínú kòtò ojú ogun bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ìdí eyín wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, ó dégbò, ó ń rùn. Àrùn ẹnu inú kòtò ni wọ́n sọ ọ́. Ìbẹ̀rù, àìsùn, sìgá, oúnjẹ tí ò dáa àti àìfọ eyín ló para pọ̀ fà á.

Èyí tó wá burú jù ni kéèyàn torí ìrora lọ yọ eyín tí ò ṣẹ̀. Wọ́n á yọ ọ́ tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ṣì máa ro ó, nítorí iṣan ló ń dùn ún.

Kí wá ni ṣíṣe? Kẹ́ẹ tó gbà kí wọ́n yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà eléyín wò ó. Wọ́n wà ní UCH n'Ìbàdàn àti LUTH n'Ídì-Àràbà. Wọ́n lè ṣe ike tó bá eyín yín mu, tẹ́ẹ ó máa fi sẹ́nu sùn. Lọ́sàn-án, ètè lè pàdé, eyín ò gbọdọ̀ pàdé, àfi tẹ́ẹ bá ń jẹun. Bó ti wù kí wàhálà pọ̀ tó, ẹ má pa pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì tì. Egbò ẹnu tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ gbé e tọ dókítà lọ.

Ìyàwó tó bá jí ọkọ ẹ̀ lóru, kì í ṣe ìjà ló ń wá. Kí baálé jókòó tì í, kó sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìrònú tá a bá sọ jáde máa ń fúyẹ́. Èyí tá a bá gbé mì, eyín ni yóò jìyà ẹ̀.