Ta Ló Ni Pápá Tí Wọ́n Ń Gbá Bọ́ọ̀lù Lé Lórí?

Ẹni tó bá ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Èkìtì, ìbáà jẹ́ lẹ́bàá Adó tàbí ní apá Ìyìn, mọ bí ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ṣe rí. Ó lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, kó kórè, kó sì gbé ohun tó jẹ́ ti onílẹ̀ lọ fún un lọ́dọọdún. Kò sẹ́ni tí yóò yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kó ṣáà ti ri igi kòkó mọ́lẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹjọ́ délé nìyẹn. Iṣu kì í kọjá ọdún. Kòkó ń gbà tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó so dáadáa, ó sì lè wà lórí ilẹ̀ títí ọmọ ẹni tó gbìn ín yóò fi di àgbà. Ẹni tó gbin igi ti ń sọ pé òun kò lọ mọ́, ìdí nìyí tí onílẹ̀ fi ń ṣọ́ igi ju iṣu lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àti pápá ìṣeré wọn wà. Ṣé kí ẹgbẹ́ ní pápá tirẹ̀ ni, àbí kó máa san rẹ́ǹtì? Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Adó lè jiyàn di òru lórí agbábọ́ọ̀lù tó yẹ kí Arsenal rà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó yẹ ká béèrè, torí ọ̀rọ̀ náà kàn wá nílé.

Pápá Olúyẹmí Káyọ̀dé ni gbogbo wa mọ̀ ní Adó. Ọmọ Èkìtì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ wà lára àwọn mẹ́rin tó sáré gba fàdákà fún Nàìjíríà ní ìdíje Òlíńpíìkì Barcelona lọ́dún 1992. Jàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Pápá yìí ni ẹgbẹ́ Ekiti United ń lò, òun náà ni Ekiti Queens ti àwọn obìnrin ń lò. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni pápá, òun náà ló ni ẹgbẹ́ méjèèjì. Wọn kì í ṣe onílé, wọn kì í sì í ṣe ayálégbé.

Ẹ lọ dúró lẹ́nu géètì lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà. Ẹlẹ́pà wà níbẹ̀, olómi inú ọ̀rá wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta ẹyin sísè pẹ̀lú ata náà wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́kadà sì to ọ̀kadà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Owó ń yí lọ́wọ́ wọn, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n owó ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Kòkó inú ọ̀rọ̀ yìí ni ṣọ́ọ̀bù tí ẹgbẹ́ bá kọ́ sábẹ́ ìjókòó èrò, pátákó ìpolówó tó tà fún ọdún mẹ́ta, ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ohun tí yóò máa pa owó wọlé lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù kò sí. Ẹgbẹ́ wo ló máa náwó sí irú rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò ní ìwé lé?

Ohun tí àìní pápá tó yẹ nílé lè fà, a ti rí i nítòsí. Lọ́dún 2012, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje àwọn akọni ẹgbẹ́ Áfíríkà. Al Ahly ti Íjíbítì ló wá bá wọn, ayò sì di mẹ́ta sí mẹ́ta. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gbá a. Ìdíje tó tóbi bẹ́ẹ̀, ará Àkúrẹ́ ní láti wọkọ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn kó tó rí ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀. Ní Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀nà mìíràn ni Remo Stars gbà: Kúnlé Soname tó ni ẹgbẹ́ náà kọ́ pápá fún un, kò tóbi rárá, ṣùgbọ́n ti ẹgbẹ́ ni. Ní sáà 2024 sí 2025, wọ́n gba líìgì Nàìjíríà. N kò ní sọ pé pápá nìkan ló gba ife fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ibi tí yóò jí sí lọ́la lè ṣètò ọdún mẹ́wàá.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn Coventry ló dùn mí jù. Láti 1899 ni Coventry City ti wà ní Highfield Road, pápá tiwọn fúnra wọn. Gbèsè dé, wọ́n tà á, wọ́n sì kó lọ sí pápá ńlá tuntun lọ́dún 2005. Ìpín tó yẹ kí wọ́n ní nínú ti tuntun náà, wọ́n ti tà á kí wọ́n tó wọlé. Rẹ́ǹtì ọdún kan lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Nígbà tó di 2012, wọn kò san mọ́. Ní sáà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, Northampton, ìlú ọ̀tọ̀, ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù tó yẹ kí wọ́n gbá nílé. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ wọn kọ̀ láti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Òkè kan wà lẹ́yìn pápá Northampton. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń lọ dúró sí nínú òtútù, tí wọ́n ń na ọrùn wo ẹgbẹ́ wọn láti ìta. Wọ́n padà sílé lọ́dún 2014, lọ́dún yẹn kan náà sì ni ẹgbẹ́ ragibí kan ra pápá náà mọ́ wọn lórí. Nígbà tó tún di 2019, wọ́n kó lọ sí Birmingham fún sáà méjì. Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni ẹni tó ni Coventry City, Doug King, tó wá ra pápá náà. Ogún ọdún gbáko.

Ṣé gbogbo ẹgbẹ́ ló yẹ kó kọ́ tirẹ̀? Rárá o. Arsenal kọ́ Emirates ní nǹkan bí 390 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, wọ́n sì wọ ibẹ̀ lọ́dún 2006. Ẹ̀yin olólùfẹ́ wọn ní Adó mọ ohun tó tẹ̀lé e: Henry lọ, Fàbregas lọ, Van Persie lọ, ife kankan kò sì wọlé láti 2005 títí di 2014. Ẹgbẹ́ tó lówó tó bẹ́ẹ̀ ni mo ń sọ. Manchester City ní tirẹ̀ kò ra ilẹ̀. Ìjọba ìlú Manchester ló ni pápá náà títí dòní, ṣùgbọ́n ìwé tí ẹgbẹ́ gbà jẹ́ ti 250 ọdún. Ayálégbé tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè gbin igi tó bá wù ú.

Nítorí náà, mi ò fara mọ́ kí ìjọba Èkìtì ta pápá Olúyẹmí Káyọ̀dé fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ Brighton ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ta pápá tiwọn lọ́dún 1995, ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀ lónìí. Pápá tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń sáré, tí ìlú ti ń péjọ, kò yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni kan. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ìwé: kí ìjọba fún Ekiti United àti Ekiti Queens ní àṣẹ lílo pápá fún ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán, kí ọjọ́ ìdíje wọn gba ipò iwájú lórí ìpolongo ìbò tí wọ́n bá fẹ́ ṣe níbẹ̀, kí owó géètì àti ti pátákó ìpolówó jẹ́ tiwọn, kí ó sì hàn nínú ìwé náà ẹni tí yóò máa tọ́jú koríko àti iná. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo wa lè kà á. Aṣòfin tó ń ṣojú yín ní Adó ń bọ̀ wá tọrọ ìbò láìpẹ́; ẹ bi í léèrè ibi tí ìwé náà wà.