Ẹ gbin ebòlò sí abẹ́ igi

Ẹ̀yin ará, ebòlò, tí àwọn Gùn ń pè ní gbolo, a máa hù fúnra rẹ̀ nínú igbó. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣán igbó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń jìnnà sí ilé. Ẹ gbìn ín sí abẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé yín.

Bí òdòdó rẹ̀ bá gbẹ, a yọ irun funfun bí òwú. Ìdí irun yìí ni irúgbìn wà. Ẹ tètè ká a, kí atẹ́gùn tó gbé e lọ. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ, kí ẹ fọ́n ọn sórí ilẹ̀ tútù. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ o! Ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń hù. Bí ìbòòji bá ṣú jù, ẹ gé ẹ̀ka díẹ̀. Yóò hù ní nǹkan bí ọjọ́ 8 sí 10.