jẹ̀: bí ẹja manini ṣe ń wá oúnjẹ

jẹ̀ (ọ̀rọ̀-ìṣe). Kí ẹran tàbí ẹyẹ máa rìn kiri, kí ó sì máa wá oúnjẹ jẹ bí ó ti ń lọ. Àpẹẹrẹ: Àwọn ewúrẹ́ ń jẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó ń da ẹran jẹ̀.

Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára jẹ. Jẹ ń sọ pé oúnjẹ wọ ẹnu. Jẹ̀ kó ìrìn, ìwákiri àti jíjẹ pọ̀. Lára ẹran ọ̀sìn àti adìẹ ni a ti sábà máa ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó wúlò fún ògbufọ̀ tí ń kọ̀wé nípa ẹ̀dá inú òkun pẹ̀lú. Ẹja manini ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àwọn ará Hawaii ni wọ́n ń pè é ní manini. Acanthurus triostegus ni orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Linnaeus ni ó sì kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, ní ọdún 1758. Ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó funfun pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè díẹ̀, àwọn ìlà dúdú sì wà lára rẹ̀ láti ẹ̀yìn dé ikùn. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn gba ojú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀gún kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ìdí ìrù rẹ̀. Kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ.

Ewéko wẹ́wẹ́ tí ń hù lára òkúta abẹ́ omi ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ewéko náà bá ti pọ̀ sábà máa ń ní olówó. Àwọn ẹja mìíràn a máa ṣọ́ irú ibẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣọ́ oko, wọn a sì máa lé àlejò jáde. Bí manini kan ṣoṣo bá yà síbẹ̀, ebi ni yóò bá lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń kóra jọ, nígbà mìíràn tí wọ́n á ju ọgọ́rùn-ún lọ, tí wọ́n á sì jùmọ̀ sọ̀kalẹ̀ sórí òkúta náà. Olówó ibẹ̀ lé ọ̀kan, àwọn yòókù ń jẹ. Ó yíjú sí òmíràn, èyí tí ó kọ́kọ́ lé ti padà dé. Láìpẹ́, gbogbo wọn á gbéra lọ sí orí òkúta mìíràn.

Bí ògbufọ̀ bá kọ ọ́ pé “Manini ń jẹ ewéko”, kò parọ́. Ṣùgbọ́n òǹkàwé kò ní rí ìrìn náà, kò sì ní mọ ìdí tí ẹja náà fi ń kóra jọ. “Ọ̀wọ́ manini ń jẹ̀ lórí òkúta” gbé méjèèjì jáde.

Àkíyèsí ìlò

1. Jẹ̀ kì í sábà gba àbọ̀. Bí a bá fẹ́ dárúkọ oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí a padà sí jẹ: Wọ́n ń jẹ̀ kiri; ewéko ni wọ́n ń jẹ.

2. Da … jẹ̀ ń fẹ́ darandaran. Manini kò ní ẹni tí ń dà á. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ̀.

3. Jẹko ń mú pápá àti koríko wá sí ọkàn. Ẹ má lò ó fún ẹja.

4. Ọ̀wọ́ ni ó yẹ ọ̀pọ̀ ẹja tí ń rìn pọ̀. Agbo bá àgùntàn mu jù. Ẹ ṣọ́ àmì ohùn: ọwọ́ jẹ́ ẹ̀yà ara, ọ̀wọ̀ jẹ́ àpọ́nlé, ọwọ̀ sì ni a fi ń gbálẹ̀.

5. Iyùn nìkan yóò mú òǹkàwé rántí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Fún ibi tí manini ń gbé, ẹ kọ òkúta iyùn. Ẹ̀dá kéékèèké tí ó ní ẹ̀mí ni ó ń mọ òkúta yìí. Bí àwọn ẹja tí ń jẹ̀ bá sì dín kù, ewéko lè bò ó mọ́lẹ̀.

6. Ní Hawaii, manini tún ń jẹ́ ahun, tàbí ohun tí kò tó nǹkan. Bí ọ̀rọ̀ bá dá lórí ènìyàn, ẹ wo gbólóhùn náà dáadáa kí ẹ tó kọ ẹja.