Iṣẹ́ Olùkọ́ fún Ọmọ-ọwọ́ tí Ìdàgbàsókè Rẹ̀ Falẹ̀

Bí a bá dárúkọ olùkọ́, ohun tí ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ilé-ìwé, pátákó àti ẹfun ìkọ̀wé. Ṣùgbọ́n irú olùkọ́ kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò tíì lè jókòó, tí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì jẹ́ orí ẹní nínú ilé òbí ọmọ. Òun ni olùkọ́ fún ọmọ-ọwọ́ tí ìdàgbàsókè rẹ̀ falẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo òbí mọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìrànlọ́wọ́ tí ó tètè dé ni ó ń ṣe ọmọ ní àǹfààní jù.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀?

Kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo ọmọ ń rìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ tí ara wọn le ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, tí Gánà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2006. A rí ọmọ tí ó dá jókòó kí ó tó pé oṣù 4, a sì rí èyí tí ó lé ní oṣù 9 kí ó tó lè ṣe é. Àwọn kan dá rìn ní nǹkan bí oṣù 8, àwọn mìíràn sì lé díẹ̀ ní oṣù 17. Nítorí náà, kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì rìn ní ọdún kan má ṣe dààmú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó pé oṣù 18 tí kò dá rìn, ọmọ tí kì í yíjú sí ohùn ìyá rẹ̀, àti ọmọ tí ó ti ń ṣe nǹkan tẹ́lẹ̀ tí ó wá gbàgbé rẹ̀, ó yẹ kí a gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà láìjáfara. Bí a bá bí ọmọ ní oṣù méjì ṣáájú àkókò, kí a yọ oṣù méjì náà kúrò kí a tó fi í wé ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ń fa ìfàsẹ́yìn yìí pọ̀. Àwọn ọmọ kan kò rí afẹ́fẹ́ mí tó nígbà ìbí. Ibà pọ́njú líle, tí a kò tètè tọ́jú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, a máa ba ọpọlọ àti etí àwọn mìíràn jẹ́. Nígbà mìíràn, a kì í rí ìdí kan pàtó. Kò yẹ kí a dá ìyá lẹ́bi, kò sì yẹ kí a fi ọmọ pamọ́ sí ìyẹ̀wù.

Bí iṣẹ́ náà ti rí

Ní ọdún 1969, ní ìlú Portage ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, a bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan fún àwọn ọmọ tí ilé wọn jìnnà síra ní ìgbèríko. Kàkà kí a kó wọn jọ sí ojú kan, olùkọ́ ni ó ń tọ̀ wọ́n lọ sílé, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìlànà náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1986, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó ran àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ láti pèsè irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìbí títí ọmọ yóò fi pé ọdún 3.

Bí olùkọ́ náà bá dé, yóò kọ́kọ́ wo ohun tí ọmọ lè ṣe, yóò sì bi ìyá léèrè ohun tí ó ti rí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò jọ yan ohun kékeré kan tí ọwọ́ lè tẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọmọ kò bá lè jókòó, wọ́n lè ká aṣọ yí i ká kí ó má baà ṣubú, kí wọ́n sì gbé ohun tí ń dún síwájú rẹ̀. Olùkọ́ yóò ṣe é lójú ìyá. Ìyá náà yóò ṣe é lójú olùkọ́. Lójoojúmọ́ ni ìyá yóò máa sàmì sí ìwé. Bí ọmọ bá ń gbìyànjú, wọn yóò dín aṣọ náà kù díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, olùkọ́ kì í bá ìyá wí. Ó mọ̀ pé ìgbésẹ̀ tí òun yàn ni ó tóbi jù, yóò sì pín in sí méjì.

Wákàtí 168 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí olùkọ́ bá lo wákàtí kan, 167 ṣẹ́kù fún àwọn ará ilé. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé òbí gan-an ni olùkọ́ yìí ń kọ́, kí òbí lè kọ́ ọmọ.

Àṣà tiwa kò sì jìnnà sí èyí. Bí ìyá bá ń wẹ ọmọ, kí ó máa dárúkọ apá, ẹsẹ̀ àti etí fún un. Bí ìyá àgbà bá ń ki ọmọ ní oríkì rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó wo ojú rẹ̀, kí ó dánu dúró díẹ̀, kí ó sì retí èsì, ìbáà ṣe ẹ̀rín lásán. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ipá na apá tàbí ẹsẹ̀ ọmọ tí iṣan rẹ̀ le, kí a má sì ṣe jù ú sókè.

Ẹni tí ó yẹ fún iṣẹ́ náà

Olùkọ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ bí ọmọ ti ń dàgbà, kí ó ní sùúrù, kí ó sì mọ ìgbà tí ọ̀ràn kọjá agbára òun tí ó sì di ti dókítà tàbí ti àwọn tí ń yẹ etí wò. Ìlú Ọ̀yọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1977 láti kọ́ àwọn olùkọ́ fún àwọn tí ó ní àìpé ara tàbí ti ọpọlọ.

Kò yẹ kí olùkọ́ ṣèlérí pé gbogbo ọmọ ni yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Àwọn kan yóò bá wọn. Àwọn mìíràn kò ní rìn láéláé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti kọ́ láti fi ọwọ́ júwe pé òùngbẹ ń gbẹ òun, tí ó sì lè gbé ife dé ẹnu, ti kúrò ní ẹni tí a kàn ń gbé kalẹ̀ bí ẹrù.

Ẹ̀yin òbí, bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ nípa ọmọ yín, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ fọkàn balẹ̀, tí ẹ kò sì rí àyípadà, ẹ padà lọ. Àti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.