Flash Tó Ń Jí Kọ̀ǹpútà, Dísíkì Tó Ń Pa Iṣẹ́ Mọ́

Bí kọ̀ǹpútà bá tàn, ṣùgbọ́n tí Windows kọ̀ tí kò wọlé, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà ni flash ìgbàpadà. Flash orin ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń nà sí mi. Àwọn olùkọ́ tó ń wá láti Ìlọràá, tí gbogbo ìbéèrè ìdánwò wà lórí laptop wọn, àwọn gan-an kì í sábà ní in.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Fìdítì níbí, lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ìwé ètò ìsìnkú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, òkú kì í sì í dúró de ẹ̀rọ: bí wọ́n bá ti ní Ọjọ́ Ẹtì, Ọjọ́ Ẹtì náà ni. Ìdí nìyẹn tí ohun méjì, flash ìgbàpadà àti dísíkì ìta, fi wà lábẹ́ tábìlì mi, ọ̀kan kò sì lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Ìgbà tí ara kọ̀ǹpútà bá ṣì le là ń ṣe flash. Ẹ wá èyí tó tó 32GB, tí kò sí ohun pàtàkì lórí rẹ̀, nítorí Windows máa pa gbogbo ohun tó bá bá níbẹ̀ rẹ́. Ẹ tẹ "Recovery Drive" síbi ìwákiri, ẹ gbà kí ó da fáìlì Windows pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì ní sùúrù. Kì í yá. Èmi kì í dáwọ́ lé e lórí iná mànàmáná nìkan. Bátìrì gbọ́dọ̀ kún ná. Bí ó bá parí, ẹ kọ orúkọ kọ̀ǹpútà náà sára flash, kí tọkọ má baà dàpọ̀ mọ́ taya.

Lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, ẹ ki flash bọ̀ ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ máa tẹ F12 léraléra bí ó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, F9 bí ó bá jẹ́ HP, kí ẹ wá yan USB. Ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ààbò Windows tó ń ti dísíkì pa; iye nọ́ńbà inú kọ́kọ́rọ́ náà jẹ́ 48. Inú àkáǹtì Microsoft yín ló sábà máa ń wà. Ẹ dà á kọ sínú ìwé ṣáájú. Ìwé tí à ń ṣí lójú ewé ni mo wí o, kì í ṣe fáìlì lórí laptop kan náà.

Ṣùgbọ́n flash yìí kò mọ lẹ́tà yín, kò mọ fọ́tò yín. Iṣẹ́ dísíkì ìta nìyẹn. Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ló sọ òfin 3-2-1 di ìlú-mọ̀ọ́ká: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ibi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Ẹ̀dà kẹta tèmi wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn. Google Drive náà lè ṣe é fún ẹni tí owó data kò ni lára. Fọ́tò ìsìnkú wúwo púpọ̀.

Bí ẹ bá ti da iṣẹ́ sórí dísíkì tán, ẹ yọ ọ́. WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó jà káàkiri ayé ní oṣù Karùn-ún 2017 ń ti fáìlì pa, ó ń béèrè owó, kì í sì í dá dísíkì tó bá bá lára ẹ̀rọ sí. Ẹ ṣọ́ra fún flash olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 1TB sí lára pẹ̀lú: ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gbà, yóò sì máa díbọ́n pé òun ń gba ìyókù. H2testw, ètò ọ̀fẹ́, máa ń tú u fó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé dísíkì yín lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kí ẹ ṣí fáìlì bíi mélòó kan wò, kí ẹ lè mọ̀ pé iṣẹ́ yín wà níbẹ̀ lóòótọ́.