Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Títún ojú ìtajà aládìrẹ ṣe

Ẹ̀yin aládìrẹ tó fẹ́ tún àmì àti ojú ìtajà yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe, ẹ má tíì sanwó lógò. Ẹ kọ́kọ́ wo inú aṣọ yín. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà lára àdìrẹ Ìbàdàndùn; òpó kan péré ti tó fi ṣe lógò, bí kò bá ṣáà ti kéré jù lórí fóònù.

Ìdí fọ́tò gan-an niṣẹ́ wà. Iná inú ilé máa ń sọ aró di dúdú. Ẹ gbé aṣọ síta láàárọ̀, kí ẹ ya ibi tí ẹ̀kọ ti sán tí aró sì yọ́ wọlé bí iṣan ewé. Ibẹ̀ ni oníbàárà á ti mọ̀ pé ọwọ́ ló ṣe é.

Ẹ kọ iye yáàdì àti owó sábẹ́ fọ́tò náà. “Ẹ pè wá ká sọ iye rẹ̀” yẹn ń lé oníbàárà, tèmi nìyẹn o.